Bí a ṣe ń tọ ipa ìmọ́lẹ̀ nínú àwòrán Ìpè Mátíù tí Caravaggio yà

Ojú ènìyàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ wá nínú àwòrán Bíbélì. Èwo ni Jésù? Mátíù ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe nídìí tábìlì yẹn? Bí a bá wo Ìpè Mátíù lọ́nà yìí, kò ní pẹ́ tí a ó fi ní àwòrán náà ṣókùnkùn jù, torí Jésù gan-an wà ní kọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún, ẹlòmíì sì tún dúró dí i. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ojú ènìyàn sílẹ̀ ná. Ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ bá rìn: ibi tó gbà wọlé, ẹni tó bà lé, ẹni tó fò dá. Nínú iṣẹ́ yìí, ìmọ́lẹ̀ ló ń pe Mátíù, òkùnkùn ló sì ń jẹ́ kí a rí ìpè náà.

Michelangelo Merisi ni orúkọ ayàwòrán náà. Caravaggio ni ìlú àwọn ẹbí rẹ̀ ní àríwá Ítálì, orúkọ ìlú yẹn ló sì mọ́ ọn lórí. Wọ́n bí i ní 1571, ó kú ní 1610, kò tíì pé ogójì ọdún. Kádínà kan láti ilẹ̀ Faransé, tí àwọn ará Ítálì ń pè ní Matteo Contarelli, ló fi owó sílẹ̀ kó tó kú ní 1585, pé kí wọ́n fi ìtàn Mátíù, ẹni mímọ́ tí òun ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣe yàrá àdúrà òun lọ́ṣọ̀ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì San Luigi dei Francesi ní Róòmù. Iṣẹ́ náà falẹ̀ títí. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Giuseppe Cesari kun àjà yàrá náà, ó fi ògiri sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1599 ni wọ́n wá bá Caravaggio ṣe àdéhùn, ó sì parí àwòrán ògiri méjèèjì ní 1600, ọdún Júbílì tí èrò ya wọ Róòmù láti gba ìbùkún. Ìpè Mátíù wà lápá òsì, Ikú Mátíù dojú kọ ọ́ lápá ọ̀tún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ẹ̀dà tí kò parọ́

Ẹ̀dà àwòrán yìí pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ àwọn kan ti fi kọ̀ǹpútà mú púpọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀ kí gbogbo nǹkan lè hàn. Ẹ má lo irú wọn. Bí ẹ bá ti ń rí ògiri ẹ̀yìn kedere bí ọ̀sán gangan, ohun tí ẹ wá wò ti lọ nìyẹn. Wikimedia Commons, ibi tí wọ́n ń kó àwòrán ọ̀fẹ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ẹ̀dà tí ẹ lè fẹ̀ dáadáa. Ẹ jókòó síbi tí oòrùn ò ti ní kọ mọ́ ojú fóònù, kí ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ fóònù sókè, kí ẹ sì pa ètò tó máa ń sọ ojú fóònù di pupa rúsúrúsú lálẹ́. Kọ̀ǹpútà tún dára ju fóònù lọ. Ìdí ni pé àwòrán náà ga ní 322 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 340. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ènìyàn gidi.

Ẹni tó bá lè dé Róòmù, ṣọ́ọ̀ṣì náà kò jìnnà sí gbàgede Piazza Navona, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹ ó ti máa wo àwòrán náà, ẹ kò ní lè dúró síwájú rẹ̀ gan-an. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ju owó wẹ́wẹ́ sí kí iná tó tàn, iná ọ̀hún kì í sì í pẹ́ kú. Àwọn èèyàn máa ń kánjú ju owó míì sí i. Ẹ má bá wọn kánjú. Nígbà tí iná bá kú, ẹ gbé ojú sókè wo fèrèsé gidi tó wà lókè pẹpẹ, torí yóò wúlò fún wa láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ẹsẹ kan ṣoṣo tó wà nídìí rẹ̀

Mátíù 9:9 ni. Jésù ń kọjá lọ, ó rí ọkùnrin kan tó jókòó ní bodè, ó ní kó máa tọ òun lẹ́yìn, ọkùnrin náà sì dìde. Ó tán. Máàkù àti Lúùkù sọ ìtàn kan náà, Léfì ni wọ́n pe agbowó-òde náà. Kò sí fèrèsé nínú ẹsẹ yìí, kò sí ògiri, kò sí òkùnkùn. Gbogbo ìyẹn, ọwọ́ ayàwòrán ló ti wá, nítorí náà a lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í pé kí ló fi ṣe.

Ẹ wo aṣọ wọn pẹ̀lú, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Àwọn márùn-ún tó wà nídìí tábìlì wọ aṣọ olówó ìgbà ayé Caravaggio fúnra rẹ̀: fìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ sí, aṣọ onílà, idà ní ìbàdí. Jésù àti Pétérù, ẹni tó dúró dí i, wọ aṣọ ayé àtijọ́, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì wà. Ẹgbẹ̀rún ọdún kan ààbọ̀ ó lé ló wà láàárín àwọn méjì yìí àti àwọn márùn-ún yẹn, bẹ́ẹ̀ yàrá kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, ẹ má gba fèrèsé gbọ́

Fèrèsé kan wà lára ògiri ẹ̀yìn, òun ló hàn jù ní apá òkè àwòrán náà. Èèyàn á kàn rò pé ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ fẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan tó dí ojú rẹ̀ kì í ṣe dígí tó mọ́. Ó jọ bébà tí wọ́n fi òróró pa, irú èyí tí àwọn ará Róòmù ń lò nígbà náà nílé tí kò ní dígí. Ó rí bàìbàì, kò tan ìmọ́lẹ̀ kankan sínú yàrá. Pákó tó wà ní àárín rẹ̀ sì kọjá lára ara wọn bí àgbélébùú, ní tòsí ọwọ́ Jésù gan-an. Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Mo gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àmọ́ mi ò ní bá ẹni tó bá ní fèrèsé lásán ni jà.

Ìmọ́lẹ̀ gidi ń bọ̀ láti apá ọ̀tún lókè, láti ìta àwòrán, níbi tí ojú wa ò dé. Ẹ ó rí i lára ògiri: ó dá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ọ̀tún wá sí òsì, ó gba orí Jésù àti Pétérù kọjá, ó sì lọ bà lé àwọn tó jókòó.

Ẹ rántí fèrèsé gidi tó wà lókè pẹpẹ. Bí ẹ bá kọjú sí Ìpè Mátíù lára ògiri òsì, ọwọ́ ọ̀tún yín ni pẹpẹ wà. Apá ibẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán ti ń wá. Ẹ yíjú sí Ikú Mátíù ní òdìkejì, ẹ ó rí i pé ọwọ́ òsì ni ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ ti ń bọ̀, torí pẹpẹ ti bọ́ sọ́wọ́ òsì yín. Ayàwòrán náà jẹ́ kí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì máa tan ìmọ́lẹ̀ sí àwòrán méjèèjì. Ẹni tó bá dúró nínú yàrá àdúrà yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn sí Mátíù ló ń tàn sí òun náà. Èyí ni orí fóònù kò lè fún wa, ìdí sì nìyí tí mo fi ní ká mọ ibi tí fèrèsé wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi bébà bo ọwọ́ Jésù, kí ẹ tún ṣí i

Ẹ gé bébà kékeré kan, ẹ fi bo ọwọ́ tí Jésù nà. Ẹ wo ohun tó kù. Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń lọ bá àwọn èèyàn nídìí tábìlì, àmọ́ ó ti di ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lásán. Ẹ ṣí ọwọ́ náà. Ọwọ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń lọ sí apá kan náà, ọ̀kan wà lókè, ìkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìpè náà sì ti dé.

Ọwọ́ ọ̀hún kò le, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ìka rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá mọ àjà yàrá àdúrà Sistine ní Vatican, tí Michelangelo Buonarroti (ayàwòrán mìíràn, kì í ṣe Caravaggio) kùn láàárín 1508 sí 1512, ti rí irú rẹ̀ rí: ọwọ́ Ádámù ni, kì í ṣe ọwọ́ Ọlọ́run tó ń dá a. Pọ́ọ̀lù pe Jésù ní Ádámù ìkẹyìn nínú 1 Kọ́ríńtì 15:45, ó sì ṣeé ṣe kí Caravaggio ní èyí lọ́kàn. Ohun tó jọ mí lójú jù ni bí ìmọ́lẹ̀ tó bà lé Jésù ṣe kéré tó: ẹ̀gbẹ́ ojú díẹ̀, ọwọ́ kan, òrùka wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ lókè orí. Òkùnkùn ló gba ìyókù. Àwọn ayàwòrán tó ṣáájú rẹ̀ ì bá ti fi ìmọ́lẹ̀ wọ Jésù láṣọ láti orí dé ẹsẹ̀.

Pétérù náà ńkọ́? Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, ó dúró síwájú Jésù bí ògiri kékeré. Ẹ̀rọ X-ray fi hàn pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí Caravaggio bẹ̀rẹ̀. Ó fi í kún un lẹ́yìn náà. Ẹ fi bébà yín bo òun náà, kí ẹ rí bí àwòrán náà ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ara Jésù á hàn, á sì rọrùn jù láti rí i. Àfikún yẹn ló sọ apá ọ̀tún di òkùnkùn tó nípọn, ó sì mú kí ó pẹ́ díẹ̀ kí ojú wa tó bá ẹni tó ń pè. Pétérù náà ń nawọ́, ó ń tẹ̀ lé ohun tí Jésù ṣe, àmọ́ ọwọ́ tiẹ̀ kò lágbára tó ti ọ̀gá rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ohun tí ìmọ́lẹ̀ ṣe sí olúkúlùkù

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ọ̀tún sí òsì ni kí ẹ máa lọ, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ gbà.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó kẹ̀yìn sí wa, tí idà wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó ti yí ara padà sápá Pétérù bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ìmọ́lẹ̀ bà lé apá aṣọ rẹ̀, funfun tó ní ìlà dúdú. Ẹ fẹ apá aṣọ yìí dé ibi tó lè fẹ̀ dé. Níbi tí aṣọ ti wú síta, funfun náà tàn yòò. Níbi tó ti wọnú, ó ré sínú òkùnkùn láìsí àárín tó gùn. Ìlà dúdú náà sì ń tẹ̀ lé ìká aṣọ, nítorí náà ẹ mọ bí apá abẹ́ rẹ̀ ṣe rí láìrí awọ ara kankan.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọkùnrin kékeré tó fara ti ọkùnrin onírùngbọ̀n. Ojú rẹ̀ ló gba ìmọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ẹ wo òjìji imú rẹ̀, ẹ wo ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń ṣú. Ó rí ẹni tó wọlé, kò bẹ̀rù, kò sì yọ̀. Ó kàn ń wò. Ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ kò sọ pé òun ni wọ́n ń pè.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n ló wà láàárín. Iwájú orí rẹ̀ àti ìka tó nà mọ́lẹ̀ kedere. Ọwọ́ kejì rẹ̀ ṣì wà nídìí owó lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ ń béèrè pé, "Ṣé èmi?" Ó kéré tán, bí púpọ̀ nínú wa ṣe kà á nìyẹn.

Àgbà tó dúró, tó mú awò ojú dání, tẹ̀ba lórí owó náà. Ọ̀dọ́ tó wà lórí ìjókòó ìkẹyìn lápá òsì dorí kodò, ó ń ka owó, ojú rẹ̀ sì wà nínú òjìji ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, ó bà lé apá àti èjìká, wọn ò kàn gbójú sókè. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun tó dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Orí tí wọ́n tẹ̀ ló ṣíji bo ojú wọn.

Àríyànjiyàn ńlá wà nídìí èyí. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ kan ti ń sọ pé ọ̀dọ́ tó dorí kodò yìí gan-an ni Mátíù, pé ìka onírùngbọ̀n kò tọ́ka sí àyà ara rẹ̀, ó ń tọ́ka sí ọ̀dọ́ náà: "Ṣé eléyìí?" Ẹ fẹ ìka náà wò, lóòótọ́, ó ṣeé kà lọ́nà méjèèjì. Bí a bá gba tiwọn, ìmọ́lẹ̀ ti dé Mátíù lára, kò tíì dé e lójú, kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá kan tí yóò gbórí sókè. Ó dùn mọ́ni. Síbẹ̀ onírùngbọ̀n ni mo dúró tì. Mátíù tó ń kú lára ògiri kejì, àgbà onírùngbọ̀n ni. Èyí tó ń kọ Ìhìn Rere lókè pẹpẹ, tí Caravaggio parí ní 1602, onírùngbọ̀n ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá rìn yí yàrá náà ká á fẹ́ bá ọkùnrin kan náà pàdé lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wo etí òjìji

Ìmọ́lẹ̀ tó bá wá láti ojú ọ̀run gbalasa máa ń mú kí etí òjìji rọ̀, kí ó máa ré lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá wá láti ojú kékeré kan lókè máa ń gé e bí ọ̀bẹ. Etí òjìji inú àwòrán yìí mú. Giulio Mancini, dókítà ní Róòmù láyé ìgbà náà, ṣàlàyé ọ̀nà Caravaggio àti àwọn tó tẹ̀ lé e: ìmọ́lẹ̀ kan láti òkè, tí kò ta padà lára nǹkan kan, bí ẹni wà nínú yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo, tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ dúdú. Ìwé àdéhùn ilé kan tó háyà ní 1604 tiẹ̀ gbà á láyè láti ṣí lára àjà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá onílé pè é lẹ́jọ́ nítorí owó ilé àti àjà tó bàjẹ́. Kò sí onílé tó fẹ́ ayàwòrán tó ń wá ìmọ́lẹ̀ láti òkè.

Bí ó ṣe ń kun ọ̀dà náà kan ọ̀ràn yìí. Ilẹ̀ dúdú tàbí pupa rúsúrúsú ni ó kọ́kọ́ máa ń tẹ́ sórí aṣọ tó ń yàwòrán sí, lẹ́yìn náà ló wá ń fi ọ̀dà funfun mú ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà jáde. Ìyẹn ni pé òkùnkùn ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yọjú sínú rẹ̀. Ní àwọn ibi tó wà láàárín, ó lè fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó jẹ́ òjìji. Kò sí àwòrán lórí bébà tó dá wa lójú pé òun ló fi ṣe ìmúrasílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ìlà tó fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó fà sínú ilẹ̀ tútù ló fi ń sààmì ibi tí orí tàbí apá yóò wà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun

Ẹ fi fóònù yọ àwọ̀ kúrò lára àwòrán náà, kí ẹ sì pa ojú dé díẹ̀ títí gbogbo nǹkan yóò fi rí bàìbàì. Gbogbo ènìyàn ti lọ sísàlẹ̀. Ìdajì òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ògiri àti fèrèsé nìkan ni. Ìṣù ìmọ́lẹ̀ kan wà nídìí tábìlì, òkùnkùn gíga kan wà lọ́tùn-ún, àlàfo dúdú sì wà láàárín wọn. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ré àlàfo náà kọjá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ ṣe tiyín nílé

Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń mọ bó ṣe le tó. Gílóòbù kan tó lágbára tàbí tọ́ọ̀ṣì, tábìlì, èèyàn mẹ́ta, aṣọ dúdú fífẹ̀ kan àti páálí ti tó. Alẹ́ ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ pa gbogbo iná yòókù (bí àwọn elétíríkì ò bá tíì bá yín pa á). Ẹ gbé gílóòbù náà sókè lọ́tùn-ún, kó ga ju orí gbogbo èèyàn lọ, kó má sì hàn nínú fọ́tò. Ẹ ta aṣọ dúdú sápá òsì. Ògiri funfun ilé wa ni ọ̀tá níbi yìí: ó máa ń da ìmọ́lẹ̀ padà sínú òjìji, gbogbo ojú á sì rí pẹlẹbẹ.

Láti rí ìlà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lára ògiri, ẹ di páálí mú sísàlẹ̀ ìmọ́lẹ̀ kó gé e. Bí páálí bá sún mọ́ ògiri, etí òjìji á mú. Bí ó bá sún mọ́ gílóòbù, á rọ̀. Ẹ mú ẹnìkan dúró nínú òjìji tí páálí ṣe, kó na ọwọ́ síta díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi bà á. Ẹ má lo filáàṣì rárá. Ẹ tẹ ìka sórí ojú tó mọ́lẹ̀ jù nínú fóònù, kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀ títí ẹ̀yìn yóò fi ṣú. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí ọ̀kan nínú wọn dorí kodò bíi ti ọ̀dọ́ tó ń ka owó. Ẹ ó rí bí ojú rẹ̀ yóò ṣe pòórá láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan iná.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ gbé ìbéèrè kan náà lọ sọ́dọ̀ àwòrán mìíràn

Àwọn ayàwòrán kan gbé iná sínú àwòrán gan-an. Nínú Jósẹ́fù Gbẹ́nàgbẹ́nà tí Georges de La Tour, ará Faransé, yà ní nǹkan bí 1642, tó wà ní ilé àwòrán Louvre ní Paris, àbẹ́là wà lọ́wọ́ Jésù ọmọdé, iná náà sì ń tàn pupa gba àárín ìka rẹ̀. Níbẹ̀, kò sí ìdí láti máa wá fèrèsé. Ẹ kàn ka bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tán bó ṣe ń jìnnà sí ọwọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní àǹfààní tó ju ti tiwa lọ. Oúnjẹ Alẹ́ ní Émáúsì tí Caravaggio yà ní 1601 wà ní National Gallery ní Trafalgar Square, ọ̀fẹ́ sì ni ìwọlé. Lúùkù 24 ni ìtàn rẹ̀. Òsì lókè ni ìmọ́lẹ̀ ti wá níbẹ̀. Ẹ wo onílé-èrò tó dúró, tó dé fìlà, tí kò mọ ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀: òjìji rẹ̀ bọ́ sára ògiri lẹ́yìn orí Jésù gan-an, níbi tí òrùka wúrà ì bá wà. Ẹ tẹ̀ síwájú wo apẹ̀rẹ̀ èso tó fẹ́ já bọ́ létí tábìlì, àti òjìji tó jù sórí aṣọ funfun.

Ó tún ya ìtàn kan náà ní 1606, èyí tó wà ní ilé àwòrán Brera ní Milan, lẹ́yìn tó pa ọkùnrin kan nínú ìjà ní Róòmù tó sì sá lọ. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú kọ̀ǹpútà. Apẹ̀rẹ̀ èso ti lọ, ọwọ́ kò nà síta bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìmọ́lẹ̀ ti dínkù. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kẹta pẹ̀lú rẹ̀.